Bàbá Ishaq Àlàó Ọlábọ̀wálé (1954–2025): Ẹni Tó Ta Ilẹ̀ Ilé Rẹ̀ Nítorí Ìwé Ọmọ

Agboolé Ọlábọ̀wálé ní Ìsàlẹ̀ Òsì, n'Íbàdàn, ni wọ́n ti bí Bàbá wa lọ́dún 1954. Yésúfù tó ń ṣòwò awọ ni bàbá wọn, Àṣàkẹ́ tó ń ta obì l'Ọ́jà'ba sì ni ìyá wọn.

Ìwé mẹ́fà ni Bàbá kà. Lọ́dún 1968 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Béyẹrúnkà, wọ́n sì gba firídọ̀ọ̀mù ní 1974. Lọ́dún 1983 wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Sọ̀fíyàt. Wọ́n bí Nojeem ní 1985. Ọdún méjìdínlógún gbáko kọjá kí Ọlọ́run tó fi Zulaihat ta wọ́n lọ́rẹ. Ládàánì mọ́sáláṣí agboolé ni wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ládùúgbò, Bàbá ló ń gé líkafáànì rẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù jù ni kí wọ́n má kú láìní ilé tara wọn. Lójú tiwọn, ilé tí ọkùnrin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n sin ín sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́nà Àkànrán ní 1996. Wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́rin, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn igun tí sàárè yóò wà.

Nojeem jáde ní Pólì ní 2010. Ó wáṣẹ́ títí, ó sú u, ó bá gun ọ̀kadà ní Màpó. Nítorí náà, nígbà tí Zulaihat wọlé sí yunifásítì ní 2021, ẹ̀rù ba Bàbá.

Wọ́n ní, "Ṣé ìwé yìí ò ní jẹ mí lọ́mọ méjì báyìí? Kó wá jókòó ti maṣíìnì mi."

Ìyá ní, "Bàbá Nojeem, ẹ jẹ́ ó lọ. Ta ló tún ń dáṣọ lọ́dọ̀ yín tó bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni oúnjẹ ò fi wọ Bàbá lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ilẹ̀ ọ̀hún, tòun ti ìpìlẹ̀ rẹ̀, láti fi san owó yunifásítì. Wọn ò sọ fún Zulaihat. Ó rò pé àjọ ni wọ́n kó. Láti ìgbà náà, bí àwọn olùkọ́ bá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Bàbá a ru.

Bàbá papòdà lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ìyá wa, Nojeem, Zulaihat àti ọmọọmọ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé. Ẹ̀yìn ilé bàbá wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì la sin wọ́n sí. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀ ni Zulaihat ń béèrè ìdí tí a ò fi gbé wọn lọ sí Àkànrán. Nojeem ló wá là á yé e. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Zulaihat jókòó sí títí ìsìnkú fi parí.

Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń kàwé. Ó bi wá bóyá iṣẹ́ wà níta.

Bàbá, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ̀rù ti kúrò lára yín. Àwa ló kù sọ́wọ́ ẹ̀rù náà.