Ọkàn Tí A Gbàgbé Láti Wọ̀n

                                                  Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                                  Òkè Ilé Oníbàtà,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Àwòtúnwò, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé rédíò ń gbọ́ wọn? Kí Ọlọ́run bá wa dá wọn sí. Ara gbogbo wa le níbí. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, kí n sì tún ọ kí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ń sùn báyìí láìgbé etí lé mi láyà.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni màá sun títí a ó fi pa fóònù, mi ò ní lè sọ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Àná ni mo lọ gba èsì. Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí tí wọ́n ṣe ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọkàn mi. Wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi láyà fún odidi ọjọ́ méje, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìlù rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un kà. Ni mo bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn, mi ò tiẹ̀ tijú.

O mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọkàn tó ń lù bí máṣíìnì tó ń fo ojú abẹ́rẹ́, á sáré, á dúró, á tún ta kìjì. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún péré ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jókòó sinmi lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí òyì kọ́ mi tí mo ṣubú lu máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó gún mi lójú.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ tán nígbà yẹn, ojú ló ń tì mí. Kí wọ́n tó ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n lọ ya fọ́tò àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró sínú ọkàn. Wọ́n ní ẹnu àwọn iṣan yẹn gan-an ni ìlù tí kò bá ti ọkàn mu ti ń wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí n fi dúró kó tó kàn mí. Aṣọ ilé-ìwé ogójì ọmọ sì wà nílẹ̀ níwájú mi! Mo bẹ dókítà títí. Mo ní ṣebí ọkàn ni gbogbo ọkàn ń jẹ́, kí wọ́n ṣáà bá mi ṣe é. Wọ́n ní lóòótọ́ àwọn kan wà tí àwọn ti ṣe láìya fọ́tò, tó sì bọ́ sí i. Bí mo ṣe fi ẹ̀bẹ̀ sú wọn nìyẹn tí wọ́n fi gbà.

Èmi náà kọ́ o! Èmi tí mi ò jẹ́ gé aṣọ oníbàárà ọdún mẹ́wàá láìtún un wọ̀n! Láti ọjọ́ tí mo fi ojú lásán gé ṣòkòtò tíṣà yẹn, tí ọ̀gá tí a jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí n kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ tábìlì, tí ìwọ olóríkunkun fi sọ mí ní Ojúnitéèpù, mo rò pé mo ti gbọ́n.

Bàlúùnù kékeré kan ni wọ́n fi ṣe ti àkọ́kọ́. Wọ́n tì í gba inú iṣan itan mi wọ ọkàn lọ, wọ́n gbé e dí ẹnu iṣan kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi òtútù pa etí rẹ̀ yípo kí ìlù burúkú má baà ráyè kọjá. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi gbádùn. Mo ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀, kìjì, kìjì. Dókítà ní a lè tún un ṣe, àmọ́ bí kò bá tún dúró, oògùn ni màá máa lò lọ, kí n sì gbàgbé iṣẹ́ orí àtẹ̀gùn. Ó sú mi. Mo sọ fún oníbàtà tó ni ilé pé kó wá ẹlòmíì sí ṣọ́ọ̀bù tó bá di ìparí oṣù. Mo da aṣọ bo máṣíìnì bí ẹni da aṣọ bo òkú. Mo wá ní kí o wá mú èyí tó wù ọ́ nínú àwọn sìsọ́ọ̀sì mi.

O pè mí. Mo rò pé o fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. O kàn bi mí pé, "Ojúnitéèpù, ìwọ tó ń wọn gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mejì, ta ló wọn ìwọ?" Mo pa fóònù mọ́ ọ létí, mo sì bá ọ yodì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ló ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ ló korò, pé ọ̀rẹ́ mi kò purọ́.

Nígbà tí mo wá gbà láti lọ ya fọ́tò náà, ọjọ́ ìsinmi rẹ lo fi wọkọ̀ wá sìn mí lọ. Ìwọ tó jẹ́ pé fọ́tò inú ara lò ń yà fún àwọn èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, o wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù mìíràn, o gbé báàgì mi lé itan. Fọ́tò wá jáde. Iṣan mẹ́rin ló máa ń wọ ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Tèmi, àwọn méjì apá òsì ti pàdé ara wọn lọ́nà, wọ́n di ẹnu kan ṣoṣo gbàgàdà. Bàlúùnù kò bò ó tán, bí ìdérí ìkòkò kékeré lórí ìkòkò ńlá, ibi tó ṣẹ́ kù ni ìlù ń gbà jáde. Dókítà ní kì í ṣe àìsàn, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Wọ́n ní bàlúùnù máa ń bo ti ẹlòmíì tó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ tèmi fẹ̀ jù. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pa bàlúùnù tì, wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jó etí ẹnu náà yípo, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ.

Lónìí, mo gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún láìjókòó. Oníbàtà kò wá ẹlòmíì síbẹ̀, ó kàn to bàtà sórí tábìlì mi, àmọ́ bó ṣe rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún Màmá pé mo máa wá wọ̀n wọ́n fún aṣọ tuntun.

Lẹ́yìn tí mo ṣí máṣíìnì, mo mú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn èèyàn sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìwọ̀n gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀, tèmi nìkan ni kò sí. Mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́ pé: ẹnu iṣan apá òsì, ọ̀kan, mílímítà méjìlélọ́gbọ̀n, apá ọ̀tún, méjì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ya fọ́tò yẹn o. Ṣùgbọ́n níbi tí a máa ń kọ orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n sí, orúkọ rẹ ni mo kọ.

Èmi ni tìrẹ, tọkàn-tọkàn, ọkàn tó ń lù dáadáa,
Ojúnitéèpù.