Àwọ̀ Ewé fún Ọjọ́ Orúkọ Mi

Màámi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Mo ń gbádùn ìlú Sófíà, ẹ má dààmú. Rumyana tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rí ímeèlì mi lórí kọ̀ǹpútà, ló bá pariwo: "Iskra, kí lèyí? Ó rí wúruwùru bí ilé adìyẹ! Pín in láwọ̀ láwọ̀ jàre." Mo fi pupa sí ti ọ̀gá, mo wá fi àwọ̀ ewé sí ìkíni ọjọ́ orúkọ mi.

Àná lọjọ́ náà, tí wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Iskra. Nílé wa, a kì í pe àlejò lọ́jọ́ orúkọ. Wọ́n á kàn ya wọlé ni. Mo gbé ṣokoléètì lọ síbi iṣẹ́, àṣé ilé ni kálukú ti ń ṣiṣẹ́, títí kan Rumyana. Àmọ́ àwọ̀ ewé kan yọ o! Ilé ìtajà tí mo ti ra bàtà ló kí mi. Mo dúpẹ́ gan-an, mo ní kí wọ́n yà wá jẹ ṣokoléètì. Èsì dé kíá: ẹ̀rọ ló kí mi, kí n má fèsì.

Mo fi àwọ̀ ewé sí ìyẹn náà.

Mo rí i pé ẹ pè mí lálẹ́. Ṣokoléètì ló kún mi lẹ́nu, ni mi ò ṣe lè gbé e.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ má tilẹ̀kùn o, èmi náà lè kàn ya wọlé.

Iskra yín