Páànù Ṣọ́ọ̀ṣì Abà Òkè-Obì

Àdúgbò Úró,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.
Oṣù Kọkànlá, 1998.

Olúdáre, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Kàdúná, ìwọ àti ìyàwó pẹ̀lú àwọn ọmọ? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ.

O mọ̀ pé Abà Òkè-Obì ti tú. Láti ìgbà tí a ti gba ìpínlẹ̀ tiwa ni kálukú ti ń sáré iṣẹ́ ìjọba lọ sí Adó, igbó sì ti bo oko kòkó. Ẹni tó bá ń lọ á tú páànù ilé rẹ̀ dání, á lọ fi kọ́lé sílùú. Bẹ́ẹ̀ ilé alámọ̀ tí kò lórí, kí ló fẹ́ fi òjò ṣe? Ilé bàbá mi ti wó, ilé àwọn Ọ̀ṣuntókun náà ti wó. Èmi ni mo kọ́kọ́ tú tiwa. Ilé Màmá rẹ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù. Màmá kọ̀, wọn ò kúrò. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ, ta ni yóò máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìjọ wa níhìn-ín ń kọ́ ilé àlùfáà, ìgbìmọ̀ sì ní ká lọ tú páànù ṣọ́ọ̀ṣì abà wá. Èmi ni alága, Olúdáre. Mo lè sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù àwọn tí mò ń darí, mo sì bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí Màmá ṣe gbọ́ ìró lọ́rì tí Caleb, ọmọ ìjọ wa, fi gbé wa lọ, wọ́n lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rò pé a ti padà sí abà. Wọ́n ń jó bọ̀ wá pàdé wa: "Ẹ kú abọ̀ o! Mo mọ̀ pé ẹ a wá ulé." Ojú tì wá, kò sẹ́ni tó lè là á yé wọn. Wọ́n se iṣu fún wa, a sì jẹ ẹ́. Irú ẹnu wo lèmi ní ná?

Nígbà tí Caleb gòkè, Màmá fúnra wọn ló di àkàbà mú kó má baà ṣubú. Wọ́n ń gba páànù lọ́wọ́ wa, wọ́n ń tò ó jọ, wọ́n ń yin Olúwa pé ó kúkú ti ń jò tipẹ́. A kó o sínú lọ́rì tán. Wọ́n wo ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n wo ojú mi.

Wọ́n ní, "Fọlọ́runṣọ́, tuntun dà?"

Mo ní ó ń bọ̀.

Mo jẹ̀bi, mi ò sì rí ibi tí màá gbé ẹ̀bi náà sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wá sílùú, wọ́n ní àwọn ń dúró de páànù. Jọ̀ọ́, wá mú wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tìrẹ nìkan ni wọ́n á gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, á jẹ́ kó o bá ìyá rẹ láyọ̀. Kò ní í sú ọ láti dárí jì mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Fọlọ́runṣọ́ Ìbíkúnlé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ní tí o bá ń bọ̀, kó o ra ìṣó dání, pé páànù á ti dé kó o tó dé.