Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Tó Ti Yí Padà

Ago-Amodu, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1981

Ìyá mẹ́sàn-án ló pọnmọ rìn wá láti oko lónìí fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àná ni mọ́tò tó ń gbé oògùn wá láti Ṣakí ti dé, tó sì ti lọ.

Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ni mo ti kọ ọjọ́ tuntun sára pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ọjọ́ tí Ìyá Ràfíù, ọ̀kan nínú wọn, gbọ́ lẹ́nu mi lóṣù tó kọjá ni gbogbo wọn ṣì ń lò.

Inú bí mi. Ìyá Ràfíù ní, "Nọ́ọ̀sì, ohun téèyàn ti mọ̀, ṣé ó tún ń bèèrè ẹ̀ ni?"

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. N kò sọ fún wọn rí pé ọjọ́ lè yí. Mo kọ ọjọ́ mìíràn sára pátákó, mo kà á fún wọn, mo sì sọ pé láti òní lọ, ọjọ́ tí mo bá dá, títí di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e nìkan ni kí wọ́n gbà á gbọ́; bí wọ́n bá ti ná ọjà tán, kí wọ́n yà bi mí kí wọ́n tó padà sóko.

Mo ń tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ nígbà tí Ìyá Ràfíù tún yọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ṣé ọjọ́ yẹn ò tíì yí?"

Mo kọ́kọ́ yíjú wo pátákó kí n tó dá a lóhùn.