Ìtàn Ayé Àǹtí Kásẹ́ẹ̀tì, Tó Gba Orin Àwọn Afọṣọ Sílẹ̀

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí olóògbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Birikilà ni bàbá wọn. Ìyá wọn jẹ́ afọṣọ ní ilé ìwòsàn náà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sì fi fọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn nínú omi gbígbóná. Ọmọ méjì ló yè fún wọn: olóògbé, àti àbúrò wọn ọkùnrin tó kọ ìwé yìí lórúkọ ẹbí.

Ní ọdún 1952 ni olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé. Wọ́n jáde ilé ìwé girama ní 1964, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ taípù lẹ́yìn rẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni àbúrò wọn ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Òun àti tíṣà kan ló mọ ìdí rẹ̀, tíṣà náà kò sì tíì tọrọ àforíjì títí dòní. Olóògbé ló kọ́ ọ ní ìwé kíkọ dáadáa lórí tábìlì ìjẹun. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbí, tirẹ̀ ni, kì í ṣe tiwọn.

Ní ọdún 1968, olóògbé rí iṣẹ́ taípíìsì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí orin ní yunifásítì. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni yàrá iṣẹ́ wọn wà, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ọ̀gá wọn ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ajókòó-má-dìde. Ó ń kọ ìwé nípa orin mẹ̀kúnnù, àmọ́ kò fẹ́ jókòó ti mẹ̀kúnnù. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, olóògbé ni ó ń rán síta. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n á lọ sí gáréèjì, ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, kí wọ́n lè gba orin àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Àǹtí Kásẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kọrin, wọ́n á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ta ló ṣe orin yìí, kí ló ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é? Ẹnu olórin gan-an ló gbọ́dọ̀ ti jáde, kí ó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé orin tí a kò bá mọ ẹni tó ṣe é, olè ni yóò ni ín.

Ní ọdún 1970, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá ìfọṣọ, wọ́n sì gba ohùn ìyá wa sílẹ̀. Ohun tí ìyá wa sọ ṣáájú orin nìyí: "Afọṣọ ni mí. Èmi ni mo ṣe orin yìí fúnra mi, lọ́jọ́ tí omi gbígbóná bó mi lọ́wọ́ tí alábòójútó ní kí n má dúró." Orin èébú ni, àmọ́ wọ́n fi ọgbọ́n dì í. Alábòójútó náà máa ń bá wọn gbè é tí ó bá ń kọjá. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ta gìtá, wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Wọn ò ya irun, ọ̀pọ̀ wọn ò wọ bàtà, wọ́n ní àwọn àgbà ti ba ayé jẹ́, àwọn ò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn mọ́. Ìwé ìròyìn pè wọ́n ní ìpátá. Ajókòó-má-dìde ní òun ò lè lọ, ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Olóògbé lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú òjò, wọ́n fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ olórin kan gbé gìtá, gbogbo pápá sì la ẹnu, wọ́n ń bá wọn kọ ọ́. Orin ìyá wa ni. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti yí i padà: ibi tí alábòójútó wà, wọ́n fi ìjọba síbẹ̀. Olóògbé wá ẹni tó ń kọrin náà lọ lẹ́yìn pèpéle. Ó ní ẹnu ẹ̀gbọ́n ìyá òun lòun ti gbọ́ ọ, afọṣọ sì ni ẹ̀gbọ́n náà.

Odindi ọdún kan ni olóògbé fi tọ orin náà láti ẹnu dé ẹnu, ènìyàn mẹ́tàlélógójì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó kọ ojú ewé igba ó lé méjìlá. Ohun tí wọ́n rí kò ṣòro láti sọ: àwọn ọmọ tó ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ òbí, orin òbí ni wọ́n fi ń bú òbí. Kò sí ẹni tó rí èyí rí kí wọ́n tó rí i. Wọ́n gbé e fún ọ̀gá wọn pé kí ó bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọdún 1973, ìwé náà jáde. Orúkọ Ajókòó-má-dìde nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni olóògbé ti bá ara wọn pàdé: "taípíìsì wa onísùúrù."

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọkùnrin yìí ti ní kí àwọn tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ sórí téèpù ńlá máa gé ọ̀rọ̀ tó ṣáájú orin dànù, pé ó ń fi téèpù ṣòfò. Nígbà tó wá dé orí orin ìyá wa, kò gbọ́ ẹni tó ni ín, ó sì fa ohun tí olóògbé kọ síbẹ̀ ya. Ó kọ tirẹ̀ pé orin àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ni, kò sì sí ẹni tó lè mọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣe é ń fọ ṣíìtì lọ́wọ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí tábìlì rẹ̀.

Olóògbé lọ bá a ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ṣe orin yẹn wà láàyè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó ní, "Mi ò gbọ́ ọ lórí téèpù."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé e, sà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ṣé kí n wá sọ fáyé gbọ́ pé afọṣọ ló ṣe orin tó kó ọmọ ọlọ́mọ wọnú ẹrẹ̀?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní gbà ọ́ gbọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni olóògbé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ wọn ò kúrò lọ́wọ́ òfo. Ajókòó-má-dìde ti ní kí wọ́n máa pa ohun tó wà lórí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́. Láti 1969 ni olóògbé ti ń fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun rọ́pò wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń gbé ojúlówó wá sílé. Mẹ́rìndínnígba ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá kò dìde wò ó rí.

Ní ọdún 1975, olóògbé ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn onígìtá pápá náà. Láìwọ bàtà ló wá tọrọ ìyàwó. Bàbá wa bi í bóyá wọ́n jí i ni. Ó ní rárá o, òun kì í wọ̀ ọ́ ni. Ẹbí fún un ní ìyàwó. A ò gbàgbé bàtà náà. Ó padà di oníná mànàmáná tó mọṣẹ́, òun ló sì ń tún ẹ̀rọ olóògbé ṣe títí tó fi kú ní 2009. Ọkọ rere ni.

Olóògbé kọ́ni ní taípù títí di 2006. Wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wà, wọ́n sì máa ń bi aṣáájú akọrin ta ló ṣe orin kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ń sá fún wọn. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bí a ṣe ń gba ohùn àgbà sílẹ̀.

Láàárín 1973 sí 2004, wọ́n kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí yunifásítì. Èsì kan ṣoṣo ló wá: a ti rí lẹ́tà yín gbà. Ní 1987, ọmọ àbúrò wọn gbé ìwé ilé ìwé rẹ̀ délé, ó ń kà á sétí ìyá wa pé orin yẹn, orin àwọn àgbẹ̀ ni. Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àgbẹ̀ wo ló ń fọ ṣíìtì?" Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2019 ni olóògbé dágbére fún ayé. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, wọ́n di àbúrò wọn lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Má bá wọn jà nítorí mi. Bá wọn jà nítorí Màámi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan tó jókòó sórí àga Ajókòó-má-dìde báyìí wá kí ẹbí kú ọ̀fọ̀. Ó mú ìwé àdéhùn dání. Ó fẹ́ kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú yìí nípa "olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá wa." Àwọn ọmọ ní kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé olóògbé ló ṣe ìwádìí náà, pé afọṣọ ló ṣe orin náà, kí ó sì tún ìwé náà ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá, ìgbìmọ̀ ní láti jókòó lórí ẹ̀." Àbúrò olóògbé dá a lóhùn pé kí wọ́n máa jókòó, àwa ti wà ní ìdúró láti 1973.

Nítorí náà, kò sí ọ̀rọ̀ yunifásítì nínú ètò tòní. Kásẹ́ẹ̀tì kankan kò ní kúrò nílé. Tí a bá ti ibi ìsìnkú dé, a óò gbé kásẹ́ẹ̀tì ohùn ìyá wa sínú ẹ̀rọ ní pálọ̀ olóògbé, ọ̀rọ̀ àti orin, láìgé nǹkan kan. Ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí. Àwọn ará yunifásítì lè wọlé. Kí wọ́n mú bírò dání.

Olóògbé fi ọmọ mẹ́ta sáyé, ọmọ ọmọ méje, ọmọ ọmọ ọmọ kan, àti àbúrò kan tí kì í gbàgbé nǹkan.

Àǹtí, ẹ sùn re, kí ilẹ̀ tù yín lára. Ẹ kí Màámi. Ẹ sọ fún wọn pé ìjà ń lọ lọ́wọ́.