Festus Olúsànyà, Ọ̀gá Ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ti Ẹgbẹ́dá (1936–1998)

Agbolé Olúsànyà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí bàbá wa, Olóògbé Festus Olúsànyà, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1936. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, Jóṣúà. Matilda, ìyá wọn, a máa hun ẹní. Bàbá wa ni àkọ́bí wọn.

Bàbá wa ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1952 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ní Mushin, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Yábàá kọ́ bí a ti ń ya pílánù ilé. Ní ọdún 1965 ni wọ́n gbé ìyá wa, Susanna Àyìnkẹ́, níyàwó. Ọdún 1979 ni wọ́n kó wá sí Ẹgbẹ́dá, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ.

Ní ọdún 1983, bàbá wa kọ́ ilé kan fún Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ ní fífẹ̀, ó sì ṣẹ́ kọ́nà lójijì kí ó tó dé yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìyá Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè ń gbé. Ní ọdún 1985, ìyá kú. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá náà kí èrò lè wò ó. Òfìfo ni pósí nígbà tí àwọn agbépósí gbé e wọlé. Wọ́n gbé e dúró lóòró, ó kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ti wà nínú rẹ̀, ta ni yóò gbé ìyá dúró lóòró? Àwọn akọrin ń dúró níwájú ilé. Wọ́n tú férémù fèrèsé, ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, ni wọ́n sì gbé ìyá arúgbó gbà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè pe bàbá wa ní oníṣẹ́ játijàti lójú èrò. Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ fún un. Ojú tì wá gidigidi lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà, bí bàbá wa bá ti fi okùn sàmì ìpìlẹ̀ ilé, wọn kì í jẹ́ kí a gbẹ́lẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ní kí lébìrà mẹ́rin gbé àkàbà gígùn sí èjìká, kí wọ́n rìn láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá tó kẹ́yìn. Bí ìgbúnwọ́ ẹnikẹ́ni bá kan okùn, a ó tún pílánù yà. Àwọn kan rò pé ètùtù ni. Wọ́n á fi fèrèsé sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọn kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá méjì dojú kọra, kí àyálégbé kan má baà máa yọjú wo inú ìkòkò èkejì. Ní Ìgàndò, ní ọdún 1988, Alhaja Sìdíkátù, tí bàbá wa ń kọ́lé fún, figbe ta: “Bàbá, ṣé pásééjì ló máa sanwó ilé fún mi ni? Ẹ má dá mi lágara jàre!” Alhaja kan náà ló wá ń mú àlejò láti Ìyànà Ìpájà wá wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Kò sí ilé tí bàbá wa wọ̀ tí wọn kò ní fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ṣe é nílé àwọn àna Akínbọ́lá, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó, ilẹ̀ ìbá lanu kí a wọlé.

Wọ́n ṣe alága àdúgbò láti ọdún 1989 sí 1992, wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tán nínú wọn. Ọdọọdún, ṣáájú Àjíǹde, wọ́n á lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè pé kí ó jẹ́ kí àwọn tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì foríjì àwọn. Ọdọọdún ni ó ń lé wọn. Inú bí wa, a ní kí wọ́n jáwọ́. Wọn kò gbọ́. Àìsàn mú wọn lọ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ ọdún 1998, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, láìrí ìdáríjì náà gbà, ó sì dùn wá.

Ìyàwó wọn, Susanna Àyìnkẹ́, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Akínbọ́lá, Títí, Olúgbénga àti Olúfúnmiláyọ̀; ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti àwọn àbúrò.

Ìwé ètò ìsìnkú yìí ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé ní àdúgbò Command kí a tó lọ gbà á padà láti fi ìpínrọ̀ yìí kún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Ọláoyè wá sílé wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ wà lára àwọn tí yóò gbé pósí. A bẹ̀ wọ́n pé àgbà ti dé sí wọn. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún: “Festus ya ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Èmi ni mo ní kó gé e, kí n lè rí yàrá kan sí i. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo wá bú u lójú gbogbo ayé, kò tú àṣírí mi.” Ìyá wa wo àwa ọmọ, àwa náà wo ìyá wa. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin èèyàn wa, Bàbá Ọláoyè ni yóò wà níwájú pósí lónìí, lápá ọ̀tún. Wọn kò lè yára rìn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán wọn lójú.

Bàbá wa, ẹ foríjì wá pé a ní kí ẹ jáwọ́. Kí Olúwa tẹ́ yín sí ibi tó fẹ̀. Oorun ire o.