Omi Tí Mo Wọ́n sí Ṣokoléètì Fúnmi

Bàbá mi àtàtà, ẹni tó fi kòkó tọ́ mi dàgbà,

Ẹ ti kú tipẹ́, mo sì mọ̀ pé òkú kì í dáhùn lẹ́tà. Ẹ ṣáà gbọ́. Fúnmi, àbíkẹ́yìn mi, ló ń bá mi kọ ọ́, torí oko lẹ mú mi lọ, ẹ kò mú mi lọ síléèwé. Iwájú firísà la jókòó sí nílé wa ní Ìgándò. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ṣokoléètì wà nínú firísà náà, a kò sì gbọdọ̀ ṣí i, kí òtútù inú rẹ̀ má baà jáde. Mo ní kó mú bírò, kí àwa méjèèjì lè rí nǹkan ṣe.

Ẹ ò mọ ṣokoléètì. Kòkó yín náà ni, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi ṣúgà àti mílíìkì sí. Fúnmi máa ń yọ́ ọ nínú abọ́ lórí omi gbígbóná, á dà á sínú ike olójú wẹ́wẹ́ kó lè dì. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ìyá oníléèwé kan ní Akowonjo ní kó ṣe é fáwọn ọmọ tó ń jáde, ìrọ̀lẹ́ òní ló ń bọ̀ wá kó o. Bó bá dára, Fúnmi ni yóò máa ṣe é fún wọn lọ.

Bí kò bá dára ńkọ́? Obìnrin kan wà ní Ìdímù tó ń kó àwọn ọmọge lọ sílùú àwọn Lárúbáwá, kí wọ́n lọ máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Fúnmi ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí tòní bá bàjẹ́, òun á bá a lọ. Ọmọ aládùúgbò wa kan lọ, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ó ń kọ èyí, kò gbójú sókè. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Fúnmi.

Bàbá, èmi ni mo ba ìdajì rẹ̀ jẹ́. Ní àárọ̀, ó fẹ́ sáré lọ ra mílíìkì. Ó ní, “Dádì, ẹ bá mi máa rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ má fi nǹkan kan sí i o!” Abọ́ méjì ló pín in sí; mo ń ro ọ̀kan, ó ń ki. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, èmi ni mò ń ro ọkà fún un. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti kọ́ mi pé bí ọkà bá ń le, kí n wọ́n omi gbígbóná sí i. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé. Mo bu omi, mo wọ́n ọn sí i. Lójú mi báyìí ló ṣù, ó di bí ẹrẹ̀ tó ń gbẹ.

Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé omi ni ọ̀tá kòkó? Bí a bá sá a sórí ẹní, ojú ọ̀run lẹ máa ń wò. Ẹ kì í jẹun, ẹ kì í jókòó. Ẹ ní kòkó tí òjò bá pa, á bu ni. Ẹ ó mú hóró kan, ẹ ó fi eyín là á, ẹ ó gbọ́ bó ṣe dún, ẹ ó tu ú dànù. N kò rí i kí ẹ gbé e mì rí. Gílóòbù ni mò ń wò báyìí bí ẹ ṣe ń wo ojú ọ̀run.

Fúnmi kò pariwo nígbà tó dé. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó da ìdajì tó kù sínú ike, ó gbé e wọ firísà. Kò pẹ́ ni iná lọ.

Ìyá rẹ̀ kú, n kò sunkún. Wọ́n ní ojú mi le. Ó le lóòótọ́. Àmọ́ bí Fúnmi yìí bá lọ, ta ni n ó máa bá jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀? Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ni? Lọ́jọ́ tí mo fi yín sílẹ̀ lóko wá sí Èkó, ẹ kò bẹ̀ mí. Ẹ kàn ń yí kòkó lórí ẹní, ẹ kò wo ẹ̀yìn. Ṣé ó dùn yín?

Fúnmi dìde níbi tí mo dé yìí, ó wọ kíṣìnì, mo tẹ̀ lé e. A ti padà sídìí lẹ́tà báyìí; ohun tó ṣe níbẹ̀ nìyí. Ó gbé mílíìkì kaná, ó dà á sórí èyí tí mo bà jẹ́, ó ń rò ó títí ó fi jọ̀, ó ń dán! Ó ní omi díẹ̀ ló ń mú un ṣù, pé bó bá pọ̀ tó, á tún rọ̀. Ó gbé abọ́ náà sínú omi tútù. Bó bá dì díẹ̀, á yí i ní róbótó róbótó. Ó wá fi ṣíbí bu díẹ̀ sí mi lẹ́nu. “Ẹ tọ́ ọ wò, Dádì ọlọ́kà.”

Ó kọ́kọ́ korò, ó wá dùn. Òórùn yàrá tí a ń kó kòkó yín sí ni mo gbọ́ lọ́nà ọ̀fun. Mo bá yín gbé e mì, Bàbá.

Iná kò tíì dé. Ìyá oníléèwé kò tíì dé. N kò mọ bí èyí tó wà nínú firísà ṣe rí. Fóònù Fúnmi ń dún lórí tábìlì. Obìnrin Ìdímù ni. Fúnmi yí fóònù náà dojú bolẹ̀.

“Dádì, kí ló kàn? Ẹ máa sọ ọ́ jàre, mò ń kọ ọ́.”

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì ń ṣọ́ kòkó yín, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ ọ́ fún yín rí lọ.